Mo Ní Kí Wọ́n Pa Jẹnẹrétọ̀ Kí N Lè Gbọ́ Ohùn Abẹ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ohun tí mo bá kọ síbí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú, mo sì fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ kó má di pé ẹlòmíràn á bá mi sọ ọ́ lódì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá fẹ́ sọ pé "ó wà o" kí ọkọ̀ dúró fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń sọ ọ́ nínú kó tó jáde lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti gbé mi kọjá ibi tí mò ń lọ, tí mo sì fẹsẹ̀ rìn padà. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn.

Ìwé tí mo kà náà ò pọ̀, JSS 2 ni mo dé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé abẹ ìfárí lé mi lọ́wọ́, ọwọ́ mi ò ní gbọ̀n. Kì í ṣe abẹ fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà nínú páálí kékeré ni mò ń wí o. Abẹ gidi, èyí tí ojú rẹ̀ gùn ju ìka àárín lọ, tí wọ́n máa ń ká sínú èèkù rẹ̀ bí wọ́n bá lò ó tán.

Níbo ni mo ti kọ́ ọ? Ní Ẹ̀pẹ́, lọ́dọ̀ bàbá tó bí bàbá mi. Iṣẹ́ ìfárí ni Bàbá ṣe láti kékeré. Ojú wọn ti ń di bàìbàì láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n wọn ò fi abẹ sílẹ̀. Etí ni wọ́n fi ń pọ́n ọn!

Kì í ṣe àsọdùn. Wọ́n á jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ariwo àwọn tó ń ta ẹja létí omi ò ti ní dí wọn lọ́wọ́. Wọ́n á da omi díẹ̀ sórí òkúta ìpọ́nbẹ, wọ́n á wá máa fa abẹ lórí rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ìró rẹ̀ á nípọn, ṣììì, ṣììì, bí ìgbà téèyàn ń wọ́ sálúbàtà lórí iyanrìn. Bó bá ṣe ń pẹ́, ìró náà á máa tín-ín-rín sí i, á máa tín-ín-rín sí i. Bó bá tín-ín-rín dé ibì kan tí àwọn nìkan mọ̀, wọ́n á ní, "Ó tó. Gbé awọ wá."

Awọ màlúù ni, ó fẹ̀ bíi bẹ́líìtì sójà, wọ́n so ó mọ́ òpó kan. Wọ́n á fa abẹ lórí awọ náà lọ, wọ́n á yí i, wọ́n á fà á bọ̀. Pàà-fùù. Pàà-fùù. Wọ́n á wá bi mí pé kí ni mo gbọ́.

Bí mo bá ní mi ò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n á ní kí n di ojú. Bí mo bá di ojú tí mo wá ní mo gbọ́ nǹkan kékeré kan bíi "tẹ́" láàárín ìró náà, inú wọn á dùn, wọ́n á ní eyín nìyẹn. Eyín ni Bàbá ń pe ibi tó bá fọ́ bíńtín ní ẹnu abẹ. Ojú ò lè rí i, ìka ò lè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n awọ orí èèyàn á mọ̀ ọ́n, ẹ̀jẹ̀ á sì jáde.

Orí Bàbá fúnra wọn ni mo fi kọ́ṣẹ́. Wọn kì í wo dígí bí mo bá ń fá a, kí ni wọ́n fẹ́ rí nínú ẹ̀? Etí ni wọ́n fi ń ṣọ́ mi. Irun iwájú orí wọn le, á máa dún ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Ti ẹ̀yìn etí rọ̀, fẹ́ẹ́ báyìí ló máa ń dún. Bí mo bá wá gbé abẹ dìde jù, tí ìró yẹn yí padà di gẹrẹ-gẹrẹ, ẹ̀yin ará, ariwo tí wọ́n máa pa! "Síkírà! Orí mi kì í ṣe iṣu sísun tí ò ń ha o!"

Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn, ọdún mẹ́fà gbáko.

Lọ́dún tó kọjá ni mo wá sí Ìkòròdú lọ́dọ̀ àǹtí mi. Bàbá fún mi ní abẹ kan, òkúta kékeré kan, àti awọ kan tó ti rọ̀ bí aṣọ. Àǹtí mi bá mi wá iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun kan tí kò jìnnà sí Gáréèjì. Ọ̀gá Kúnlé ló ni ín. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n kílípà ni wọ́n mọ̀. Àga mẹ́ta, fáànù méjì, súpíkà kan tó fẹ́ẹ̀ tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Bí mo ṣe kó òkúta àti awọ mi jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní kí n kó o pamọ́, pé ayé ti kúrò níbẹ̀.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n wá fún mi? Mò ń gbá irun nílẹ̀. Mò ń fi táwẹ̀lì gbígbóná nu orí kọ́sítọ́mà. Ìgbà méjì ni Ọ̀gá ní kí n gbìyànjú kílípà wò, ìgbà méjèèjì ni kọ́sítọ́mà ní kí obìnrin má fọwọ́ kan orí òun. Mi ò jà. Mo gbé ìgbálẹ̀ mi. Síbẹ̀, inú ń bí mi o, ẹ má rò pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ kì í bínú.

Ó wá di ọjọ́ Sátidé kan.

Kò sí iná láti àárọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, súpíkà ń ké nínú, fáànù ń ké lókè. Ọ̀gá ń gẹ irun fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Industrial Estate. Ọ̀sán ló máa wọṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì ti sọ ọ́ létí gbogbo wa pé bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ á gbé òun ní Gáréèjì láago méjì, pé kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ ni màmá àgbà kan wọlé tòun ti ọmọ tuntun lọ́wọ́. Ọmọ wọn ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Wọn ò tí ì bọ́ aṣọ ìsọmọlórúkọ lọ́rùn. Màmá kí wa, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó gbé wọn wá.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Ní ilé wọn, lápá Ìwó lọ́hùn-ún, irun tí ọmọ gbé wáyé gbọ́dọ̀ kúrò lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an kí oòrùn tó wọ̀. Onígbàjámọ̀ tí wọ́n ti bá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ti rìnrìn àjò lọ sílé. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i, aago kan sì ti fẹ́ lù.

Ọ̀gá nawọ́ mú kílípà kékeré. Màmá fa ọmọ sẹ́yìn!

"Ẹ̀rọ tó ń ké bí eṣinṣin yẹn? Kò ní kan orí ọmọ ọmọ mi. Abẹ la fi ń ṣe é nílé wa."

Ọ̀gá dúró. Wọ́n wo kílípà, wọ́n wo Màmá, wọ́n wá wo èmi tí mo dúró síbi ìgbálẹ̀. Wọ́n rọra bi mí pé ṣé mo lè ṣe é lóòótọ́. Mo sọ ọ́ nínú lẹ́ẹ̀mẹta, mo wá sọ ọ́ síta pé mo lè ṣe é.

"Ta ni?" Màmá wò mí láti òkè délẹ̀. "Èyí tó ń gbálẹ̀ yìí? Ẹni tí kò tí ì gbé ọmọ tiẹ̀ pọ̀n?"

Ọmọ wọn ní kí wọ́n ṣe sùúrù ná, pé ó ṣeé ṣe kó mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ní bàbá àgbà mi ní Ẹ̀pẹ́ ló kọ́ mi, pé iṣẹ́ ìdílé wa ni. Ẹni tó wà lórí àga náà dá sí i. Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Táwẹ̀lì tó fi nu orí mi lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́ẹ̀ sùn lọ." Ta ló ní kó sọ̀rọ̀ táwẹ̀lì!

Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n abẹ tiwọn la máa lò. Wọ́n tú áńkáṣíìfù funfun kan. Abẹ àtijọ́ ni, èèkù rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ ń dán yànrànyànràn. Wọ́n ní abẹ yẹn ló fá orí àwọn ọmọ wọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, títí kan bàbá ọmọ tó dúró síbẹ̀ yẹn, pé òun náà ni kó fá orí èyí. Wọ́n ní àwọn ti pọ́n ọn láàárọ̀. Wọ́n na apá, wọ́n fi abẹ náà fá irun ibẹ̀ díẹ̀ kí n rí i. Ó mú lóòótọ́!

Mo gbà á. Mo fi orí ìka kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò rí àbùkù kankan. Mo fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi gbígbóná àti ọṣẹ, mo fi sípírítì nù ún. Mo so awọ mi mọ́ ọwọ́ àga, mo fà á lọ, mo fà á bọ̀.

Kí ni mo gbọ́? Jẹnẹrétọ̀. Súpíkà. Fáànù.

Ìyàwó ti jókòó, ó ti gbé ọmọ sórí itan, Ọ̀gá ti tẹ́ táwẹ̀lì funfun. Ọmọ náà ń sùn. Ẹ mọ ibi rírọ̀ tó wà lókè orí ọmọ tuntun, tó máa ń lọ sókè sódò bí ẹni ń mí? Mò ń wò ó. Gbogbo èèyàn ń wò mí. Abẹ mú, ọwọ́ mi ò gbọ̀n, kí ló kù?

Ó ku kí n gbọ́ ọ. Mi ò fi abẹ tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ kan orí ẹnikẹ́ni rí láyé mi. Kì í wá ṣe orí yẹn ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa jẹnẹrétọ̀."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ mi. Báwo ni wọ́n ṣe máa gbọ́, nígbà tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ náà ló ń pariwo? Mo tún un sọ. Ọ̀gá ní, "Hẹ̀n?" Mo wá ki gbogbo agbára bọ̀ ọ́. Ibi tí mo ti ń ki agbára bọ̀ ọ́ ni orin kan parí tí òmíràn ò tí ì bẹ̀rẹ̀, ni ohùn mi bá jáde bíi ti ládàánì lórí mọ́ṣáláṣí!

"Ẹ PA JẸNẸRÉTỌ̀!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú wò mí. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná.

Ẹni tó wà lórí àga ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àǹtí, ẹ wo orí mi dáadáa! Apá ọ̀tún nìkan ni wọ́n tíì gẹ̀! Ṣé báyìí ni kí n ṣe wọ bọ́ọ̀sì?"

Ọ̀gá fà mí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní kí ló dé, wọ́n ní abẹ ń bẹ lọ́wọ́ mi, ọmọ ń bẹ nílẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi ìdákẹ́jẹ́ ṣe? Wọ́n ní bí àwọn èèyàn yìí bá bínú lọ nítorí tèmi, kí n kúkú máa palẹ̀ mọ́ padà sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Mo gbọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo dáhùn. Mo ní, "Ọ̀gá, bí mi ò bá gbọ́ abẹ yìí, mi ò ní fi kan orí ọmọ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n padà sí Ẹ̀pẹ́." Láti ìgbà tí mo ti dé ṣọ́ọ̀bù náà, mi ò sọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n wò mí. Wọ́n jáde lọ sẹ́yìn. Jẹnẹrétọ̀ náà húkọ́ díẹ̀, ó kú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ òwú létí mi. Fáànù rọra ń dúró. Mò ń gbọ́ ìyá kan tó ń pe ọmọ rẹ̀ ní òdìkejì títì. Mò ń gbọ́ èémí ọmọ tuntun yẹn.

Mo fa abẹ náà lórí awọ. Pàà-fùù. Mo fà á bọ̀. Pàà-tẹ́-fùù.

Mo tún un fà, mo rọra ṣe é. Tẹ́. Láàárín gbùngbùn ẹnu abẹ. Mo yí ojú rẹ̀ padà, mo fà á. Lápá ìparí rẹ̀, ó dún kẹ́rẹ́, bí ìgbà téèyàn ń fi èékánná fa eyín kóòmù.

Mo ní, "Màmá, ó ní eyín."

"Kí ló ní eyín?" Màmá dìde. "Abẹ ni ó ní eyín? Ṣé ajá ni?"

Ẹni tó wà lórí àga fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú Màmá, ó gbé e mì. Mo ṣàlàyé pé ẹnu abẹ ti fọ́ díẹ̀ díẹ̀ ní ibi méjì. Màmá ní mò ń purọ́. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe abẹ tó fá apá àwọn lójú gbogbo wa nìyẹn? Wọ́n ní ọmọ àná tó ń gbálẹ̀ fẹ́ wá kọ́ àwọn ní nǹkan tí àwọn ti ń ṣe kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀. Ọmọ wọn ń bẹ̀ wọ́n.

Mo kúnlẹ̀. Mo bi wọ́n pé ẹ jọ̀ọ́ Màmá, níbo lẹ ti pọ́n ọn láàárọ̀?

"Níbo la ti ń pọ́n nǹkan? Ṣé kì í ṣe lára àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ni? Mo bu omi sí sìmẹ́ǹtì, mo pọ́n ọn dáadáa!"

Há! Ta ni nínú wa tí kì í ṣe é? Àǹtí mi ń ṣe é. Èmi náà ń ṣe é. Bí ọ̀bẹ ilé ìdáná kò bá mú, ẹnu ọ̀nà ni, ṣììì, ṣììì lára sìmẹ́ǹtì, ó parí. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ẹ̀fọ́ lè fara da ìyẹn. Ṣùgbọ́n iyanrìn ló wà nínú sìmẹ́ǹtì, hóró iyanrìn kọ̀ọ̀kan sì máa ń bu díẹ̀ jẹ lára ẹnu abẹ. Á mú o, á máa dán, eyín á sì ti wà níbẹ̀.

Màmá ò gbà. Ọ̀gá ní kí n pe Bàbá lórí fóònù kí wọ́n bá Màmá sọ̀rọ̀, àgbà sí àgbà. Mo pè wọ́n, fóònù dún, dún, dún, wọn ò gbé e. Mo tún pè. Wọn ò gbé e. Ó wá ku èmi nìkan níwájú gbogbo wọn.

Kí n sọ òtítọ́ fún yín? Ó ṣe mí bíi kí n sá. Ṣùgbọ́n etí mi ò purọ́ fún mi, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ẹ má gbà mí gbọ́. Etí yín ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Ẹ bá mi di ojú díẹ̀."

Mo mú abẹ tèmi, èyí tí Bàbá fún mi, mo fà á lórí awọ. Pàà-fùù. Pàà-fùù. Ó ń lọ geere. Mo gbé e sílẹ̀, mo mú tiwọn. Pàà-tẹ́-fùù.

"Mo gbọ́ ọ!" Ta nìyẹn? Ẹni tó wà lórí àga ni, òun náà ti di ojú tòun ti orí tí wọ́n gẹ̀ lápá kan. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ tóun ń ṣọ́ níbi iṣẹ́ ṣe máa ń dún bó bá fẹ́ bàjẹ́, pé àwọn ọ̀gá ò ní gbọ́ ọ, òun tóun dúró tì í lójoojúmọ́ lòun ń gbọ́ ọ.

Màmá ní kó pa ẹnu mọ́. Wọ́n ká gèlè kúrò létí, wọ́n tẹrí wá. "Tún un fà."

Mo fà á.

"Tún un fà."

Mo fà á. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀ pátápátá.

"Mo gbọ́."

Wọ́n wá na ọwọ́, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí ọmọ náà, bí ẹni fẹ́ dáàbò bò ó lọ́wọ́ ohun tó ti kọjá lọ. Wọ́n ní nígbà tí wọn ò rí onígbàjámọ̀, àwọn ti po omi ọṣẹ, àwọn ti gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀ láti fá a fúnra àwọn. Ìyàwó ló sunkún pé òun ò gbà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jáde wá. Àwọn sì ti bú ìyàwó náà títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó na ọwọ́ tiẹ̀, ó di ọwọ́ Màmá mú lórí ọmọ.

Mo ní kí wọ́n yan èyí tó bá wù wọ́n. Abẹ tèmi wà nílẹ̀, a lè lò ó. Bí wọn ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fún mi ní wákàtí kan, màá yọ eyín náà kúrò. Màmá ní abẹ tó fá bàbá ọmọ ni kó fá ọmọ. Wọ́n ní àwọn á dúró.

Wákàtí kan! Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ fi ọwọ́ lérí. Ọ̀gá ò lè tan jẹnẹrétọ̀, torí náà kílípà ò lè ṣiṣẹ́. Wọ́n wá fi sísọ́ọ̀sì àti kóòmù parí apá òsì. Mi ò ní sọ bó ṣe rí. Ó wo dígí, ó wò mí, ó dé fìlà, ó sáré lọ sí Gáréèjì. Ó ní bí wọ́n bá fi òun rẹ́rìn-ín, òun á ní obìnrin kan ní Ìkòròdú ló ń gbọ́ èdè abẹ.

Mo jókòó sílẹ̀, mo fi òkúta sórí itan, mo da omi sí i. Ṣììì. Ìró rẹ̀ ò dọ́gba níbẹ̀rẹ̀, ibi tí eyín yẹn wà ń kọ òkúta bí ẹsẹ̀ ṣe ń kọ gbòǹgbò. Mi ò kánjú. Mo fà á lọ, mo fà á bọ̀, títí tó fi di ohùn kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí tó fi tín-ín-rín. Mo gbé e sórí awọ. Pàà-fùù. Mo kà á dé ogójì, mi ò gbọ́ "tẹ́" kankan. Mo tún fọ̀ ọ́, mo tún fi sípírítì nù ún.

Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ rin orí ọmọ náà. Ìyàwó gbá a mọ́ra. Mo bẹ̀rẹ̀ láti iwájú.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n irun ọmọ tuntun kì í dún. Bàbá ti sọ fún mi tipẹ́tipẹ́, pé bí mo bá ń fá ọmọ tuntun tí mo sì gbọ́ ohunkóhun, kí n dúró. Kí n máa gbọ́ ìdákẹ́jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Abẹ ń lọ, irun ń bọ́, kò sí ìró kankan, àfi ti ìyàwó tó ń mí.

Nígbà tí mo dé ẹ̀bá ibi rírọ̀ yẹn, mo gbọ́ "fẹ́".

Mo gbé abẹ kúrò. Mo tẹrí wò ó, mo fi ìka kàn án. Òrí ni! Òrí tí wọ́n fi ń pa ọmọ lórí ló gbẹ mọ́ awọ ara rẹ̀ níbẹ̀, ó ti le bí èépá. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin ín títí ó fi yọ́, mo nù ún kúrò, mo padà síbẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́. Mo yí i ká bẹ́ẹ̀ títí mo fi dé ẹ̀yìn ọrùn, mo sì gbé abẹ sílẹ̀.

Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí ọmọ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wo ọwọ́ wọn. Ó mọ́ tónítóní. Ìyàwó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi ń jáde lójú rẹ̀. Màmá kó irun náà sínú áńkáṣíìfù funfun, wọ́n ṣàdúrà fún mi, àdúrà náà sì gùn débi pé Ọ̀gá ṣe àmín títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yíjú padà.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọ̀bẹ mi tó wà nílé ńkọ́? Ṣé wàá wá gbọ́ òun náà fún mi?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ọ̀gá ti nu àga kẹta, wọ́n ti kan ìṣó ńlá kan sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n so awọ mi kọ́ síbẹ̀. Báyìí, bí ẹni tó fẹ́ abẹ bá wọlé, Ọ̀gá fúnra wọn ló ń jáde lọ pa jẹnẹrétọ̀ kí n tó la ẹnu.

Bàbá pè mí padà nírọ̀lẹ́ Sátidé yẹn kan náà. Wọ́n ní àwọn wà ní mọ́ṣáláṣí, kí ló dé tí mo pe àwọn lẹ́ẹ̀mejì? Mo ròyìn gbogbo rẹ̀, láti orí sìmẹ́ǹtì dé orí òrí. Mo ti rò pé wọ́n á bi mí léèrè bí mo ṣe di òkúta mú, tàbí iye ìgbà tí mo fà á lórí awọ. Wọn ò bi mí. Wọ́n ní, "Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé ó jí?"

Mo ní, "Kò jí, Bàbá. Ó sùn títí wọ́n fi gbé e lọ."

Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," wọ́n sì pa fóònù.

Kí wá ni mo rí kọ́? Àkọ́kọ́ ni pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pọ́n abẹ lára sìmẹ́ǹtì mọ́. Èkejì wà fún ẹ̀yin tí ojú ń tì bíi tèmi. Bí iṣẹ́ yín bá nílò nǹkan kan kó tó lè dára, ẹ béèrè fún un, kódà bí gbogbo ilé bá máa yíjú wò yín. Mo ti ń tijú nígbà tí mi ò mọ nǹkan kan. Ó wá yé mi pé kò yẹ kí n máa tijú lórí ohun tí mo mọ̀. Ìtìjú yẹn ì bá ti ta ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Ó kàn yín báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ránṣọ, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dín àkàrà, kí ni etí yín máa ń gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yín tí àwọn tó dúró tì yín ò gbọ́? Ṣé ẹ ti dá iṣẹ́ dúró rí nítorí ẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ lé yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa. Gbogbo rẹ̀ ni màá kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mi ò bá tètè dáhùn, ẹ má bínú, mo ṣì ń sọ ọ́ nínú ni.